Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Iná Àmì Ọkọ̀ Ojú Omi sí LED

Gílóòbù àtijọ́ oní 25 wáàtì máa ń fa bí áńpù 2 lára bátìrì 12 fóltì. Bí mẹ́ta bá tàn fún wákàtí 10, bátìrì tó gba áńpù-wákàtí 75 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, ẹ́ńjìnnì sì lè má jí láàárọ̀. LED tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà kì í ju wáàtì 2 sí 3 lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló ni iná yìí, ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè ló ni ín. Pupa ń bẹ lápá òsì, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun lórí òpó. Àwọ̀ tí atukọ̀ kejì bá rí ló fi ń mọ ibi tí ẹ dojú kọ. Òfin àgbáyé ọdún 1972 lórí ìforígbárí ọkọ̀ lójú omi ní kí pupa àti àwọ̀ ewé máa tàn láti iwájú gan-an yí sí ẹ̀gbẹ́ fún 112.5 dígírì, kí wọ́n má kọjá bẹ́ẹ̀. Fún ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 12, irú àwọn onífáíbà tó pọ̀ lórí ọ̀sà Èkó, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣeé rí láti máìlì omi 1. Funfun tó ń tàn yí ká, láti máìlì omi 2.

Nítorí náà, ẹ má ra gílóòbù LED lásán kí ẹ kì í bọ inú ilé iná àtijọ́. Gíláàsì pupa kì í ṣẹ̀dá pupa. Pupa tó bá wà nínú ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó kọjá. Pupa kún inú ìmọ́lẹ̀ gílóòbù àtijọ́, àmọ́ búlúù ló pọ̀ nínú LED funfun. Iná òsì á wá di bàìbàì, tọ̀tún á fà sí búlúù. Odindi ilé iná ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n lẹ̀ pa kí omi má wọ̀ ọ́, tí wọ́n kọ COLREG (orúkọ òfin ọdún 1972 yẹn) àti 1NM tàbí 2NM (máìlì omi 1 tàbí 2) sí lára, tó sì ń gba fóltì 10 sí 30. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fi iná sí bátìrì, fóltì lè gun 14.4, LED tí wọ́n ṣe fún 12 géérégé kì í pẹ́ jó.

Ẹ tún wá wáyà 1.5 mm² ti ọkọ̀ ojú omi (bàbà inú rẹ̀ funfun bíi fàdákà), fíúsì áńpù 3, ìsopọ̀ wáyà tó ní gọ́ọ̀mù nínú, mítà tí a fi ń wọn fóltì, àti síkúrù sítéènlẹ́ẹ̀sì.

Ẹ kọ́kọ́ yọ orí nẹ́gétífù bátìrì. Ẹ ya fọ́tò bí wáyà ṣe wà, kí ẹ tó tú iná àtijọ́. Lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé tó máa ń wà lẹ́nu wáyà, iyọ̀ ló fà á. Ẹ bó rọ́bà wáyà, ẹ gé e sẹ́yìn títí bàbà tó ń dán á fi yọ. Bó bá dúdú lọ títí, ẹ fa tuntun.

Ibi tí a ti ń ṣì í jù nìyí: imú ọkọ̀ tẹ̀, nítorí náà iná tí a kàn mọ́ ọn lásán á wo ẹ̀gbẹ́ dípò iwájú. Ẹ fi pátákó gígé há ìdí rẹ̀ títí á fi dọ́gba pẹ̀lú ìlà àárín ọkọ̀. Kí funfun ga ju wọn lọ ní mítà 1, ó kéré tán.

LED mọ pósítífù yàtọ̀ sí nẹ́gétífù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà. Ẹ so orí bátìrì padà, ẹ fi mítà mọ wáyà pósítífù, ẹ tún yọ orí bátìrì kí ẹ tó so iná. Ẹ tẹ ìsopọ̀ náà pa, ẹ fà á wò, kí ẹ fi ooru sí i títí gọ́ọ̀mù á fi yọ létí. Bí a bá lọ́ wáyà pọ̀ tí a fi tépù dúdú wé e, omi iyọ̀ á wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ ilé, kí omi lè kán níbẹ̀. Fíúsì àtijọ́ oní 10 kò lè dáàbò bo wáyà tín-ín-rín tó ti ara LED jáde. Ẹ fi oní 3 rọ́pò rẹ̀.

Ẹ tan iná, ẹ wọn fóltì nídìí rẹ̀. Bí bátìrì bá jẹ́ 12.6, tí ẹ sì rí ohun tó kéré sí 12.2, ìsopọ̀ kan kò dára.

Ó wá ku rédíò. Àwọn LED kan máa ń da VHF, rédíò tí àwọn atukọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, láàmú; iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2018. Ẹ pa iná, ẹ lọ sí ìkànnì tó dákẹ́, ẹ yí squelch (bọ́tìnì tó ń pa ariwo rédíò) títí ariwo á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹ wá tan iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ariwo bá tìdí rẹ̀ padà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ìkànnì 16 ni a fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́, iná yìí lè bò ó mọ́lẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, kí ẹnì kan fi ọkọ̀ kékeré yí iwájú yín ká. Ní ọ̀kánkán, kó rí pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀. Bó bá bọ́ sí apá òsì ọkọ̀ yín, kí àwọ̀ ewé pa mọ́ ọn lójú. Bó bá ṣì ń rí i, ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ tí a kùn ní dúdú tí kò dán dínà láàárín méjèèjì, kí ó tún yí ká lẹ́ẹ̀kan sí i.