Bí Ẹni Tó Ń Fojú Kéré Ara Rẹ̀ Ṣe Lè Gba Ìgboyà Rẹ̀ Padà

Ẹni tó ń fojú kéré ara rẹ̀ kì í sábà mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó gbà lọ́kàn pé òótọ́ ni òun ń sọ nípa ara òun. Bí wọ́n bá yìn ín, yóò ní àánú òun ló ṣe wọ́n. Bí wọ́n bá bá a wí, yóò gbà láìjiyàn.

Èrò yìí kì í ṣàdédé wọni lọ́kàn. Ọmọ tí wọ́n ń fi wé ẹlòmíràn nígbà gbogbo lè dàgbà tán, kó ṣì máa fi ohùn àwọn tó tọ́ ọ bá ara rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú kí èrò náà pẹ́ nílẹ̀ ni sísá fún nǹkan. Ẹni tó gbà pé òun kò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ yóò dákẹ́ nípàdé. Bó ti dákẹ́, kò sí ohun tí yóò já irọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ náà yóò sì tún di ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé kékeré kan. Nígbàkigbà tí ọkàn yín bá rẹ̀wẹ̀sì lójijì, ẹ kọ gbólóhùn tó sọ sí yín lọ́kàn gẹ́lẹ́ bó ṣe wá, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ẹ ó sọ fún ọ̀rẹ́ yín ká ní òun ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ó máa ń dùn mí láti rí bí a ṣe ń ní sùúrù fún ọ̀rẹ́ tí a kì í sì í ní in fún ara wa.

Síbẹ̀, kíkọ nìkan kò tó. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ ọ́ ní ọdún 1977 pé ohun tó lágbára jù lọ láti mú kí ènìyàn gbà pé òun lè ṣe nǹkan ni pé kó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí. Ẹ mú ohun kan tí ẹ ti ń sá fún, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń bà yín lẹ́rù díẹ̀ ṣùgbọ́n tí apá yín ká: ìbéèrè kan ṣoṣo nípàdé ti tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín pé yóò ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá dé, ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀.

N kò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa yin ara yín níwájú dígí. Nínú ìwádìí kan tí Joanne Wood, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, ṣe ni inú àwọn tó ń fojú kéré ara wọn túbọ̀ bà jẹ́ nígbà tí wọ́n ń tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ, bóyá nítorí pé ọkàn wọn kò gbà á.

Bí ìbànújẹ́ bá wà lára yín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ àti oorun kò sì lọ déédéé mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá jẹ́ pé èrò àtikú ló ń wá, ẹ sọ fún ẹnì kan tó sún mọ́ yín lónìí, kí ó sìn yín dé ọ̀dọ̀ dókítà.