Bí Mo Ṣe Yan Oògùn Tí Mo Fi Fọ Fíìmù Dúdú-àti-Funfun Tí Ó Yára Gba Ìmọ́lẹ̀

Àwọn òṣèré orí ìtàgé ni mo fẹ́ yà, nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ṣe bàìbàì tí a kò sì gbọdọ̀ tan fíláàṣì, nítorí náà ni mo ṣe yan fíìmù Ilford Delta 3200. Kí n tó mú oògùn tí n ó fi fọ̀ ọ́, mo kọ́kọ́ ka àlàyé àwọn tí ó ṣe é, nítorí iye tí a kọ sára páálí kì í ṣe ìyára fíìmù náà gan-an. Ilford fúnra wọn sọ pé ISO 1000 ni Delta 3200; ISO ni òṣùwọ̀n bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó. Kodak náà kọ ọ́ pé T-MAX P3200 tiwọn jẹ́ 1000 bí a bá fi oògùn T-MAX fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n pé 800 ni bí a bá lo àwọn oògùn Kodak yòókù. Ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa: fíìmù kan náà ni, oògùn ni ó fa ìyàtọ̀.

Ẹni tí ó bá ya Delta yìí ní 3200, bí ẹni pé 3200 ni ìyára rẹ̀, kò tilẹ̀ fún un ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó rí. Ojú òṣèré tí iná bà yóò ṣì yọ, nítorí pé bí a bá fọ̀ ọ́ pẹ́, ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí ni yóò máa ki sí i lórí nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀. Ṣùgbọ́n ibi òkùnkùn, bí ìṣẹ́po aṣọ dúdú tàbí irun orí, kò ní ohun púpọ̀ tí oògùn lè fà jáde. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ibi òkùnkùn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rò, kí a tó ro ti hóró, ìyẹn àwọn èérún kéékèèké tí ó máa ń hàn nínú fọ́tò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù.

Èrò yìí ni mo fi yọ àwọn oògùn kan kúrò. Rodinal, tí ó ti wà láti ọdún 1891, máa ń mú kí etí nǹkan mú dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún fíìmù tí kò yára, àmọ́ ó máa ń dín ìyára kù, ó sì máa ń fi hóró hàn gbangba. Perceptol a máa sọ hóró di wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ìyára ni yóò fi san owó rẹ̀. ID-11, tí kò yàtọ̀ sí D-76 ti Kodak, wà ní àárín. Àwọn tí ó kù ni àwọn tí a fi kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ phenidone tàbí ìbátan rẹ̀ ṣe: Microphen, Ilfotec DD-X àti XTOL, torí pé irú àwọn wọ̀nyí ni ó ń tọ́jú ibi òkùnkùn jù.

Mo ya ẹnì kan tí ó wọ aṣọ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, mo tún un yà léraléra láìyí nǹkan kan padà, mo sì gé fíìmù náà nínú òkùnkùn biribiri, nítorí pé kò sí àwọ̀ iná tí kò ní bà á jẹ́. Mo fọ gígé kan nínú ID-11, òmíràn nínú Microphen, òmíràn nínú DD-X. Gbogbo wọn wà ní 20°C, mo sì ń dojú táǹkì dé lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 àkọ́kọ́ nínú ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí Ilford ṣe là á sílẹ̀. Nígbà tí nẹ́gátíìfù gbẹ tí mo gbé e sórí iná, ìṣẹ́po aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ti ID-11, ṣùgbọ́n ó hàn nínú àwọn méjì yòókù. Hóró ti DD-X rọ̀ lójú díẹ̀ ju ti Microphen lọ, etí fìtílà kò sì ki jù.

Ohun tí ó mú mi dúró lé DD-X ju ìyẹn lọ ni bí a ṣe ń lò ó. Ìyẹ̀fun ni Microphen. Lítà kan lè fọ fíìmù 10, ṣùgbọ́n a ní láti máa fi ìdá mẹ́wàá kún àkókò lórí fíìmù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí n kò lè tún yà, n kò fẹ́ fi lé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Omi ni DD-X: mílílítà 60 rẹ̀ pẹ̀lú 240 omi lásán tó fíìmù kan, a ó sì dà á nù lẹ́yìn lílò. Ó wọ́n ju ìyẹ̀fun lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo fíìmù ni ó ń bá oògùn tuntun pàdé.

Ìṣẹ́jú 9 àbọ̀ ni Ilford kọ fún 3200. Nẹ́gátíìfù tí ó ń mú jáde fẹ́lẹ́ lójú mi díẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe lo ìṣẹ́jú 12 àbọ̀ tí wọ́n kọ fún 6400, bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí fíìmù yìí ṣe máa ń ṣe. N kò jẹ́ kí ó pẹ́ lẹ́yìn tí mo yà á tán, nítorí fíìmù tí ó yára báyìí tètè máa ń ní kùrukùru. Mo sì fi í sínú fíksà, oògùn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè ba àwòrán jẹ́ mọ́, fún ìṣẹ́jú 5, kí ó lè mọ́ dáadáa.

Aṣọ dúdú àwọn òṣèré náà ní ìṣẹ́po nínú fọ́tò tí mo tẹ̀. Hóró hàn, kò sì dí ojú ẹnikẹ́ni. Níbi tí iná bá ti pọ̀ tó láti ya fíìmù yìí ní 1600, XTOL ni n ó kọ́kọ́ dán wò, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti lè ro ti hóró.