Wọ́n ń tẹ ìpolówó Google mi, ẹnì kan ò rà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Inverter àti bátìrì sólà ni mo ń tà nílùú Ìbàdàn. Ìgbà 412 ni wọ́n tẹ ìpolówó mi lórí Google láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níbi tí wọ́n ń kọ conversion (iye ìgbà tí ẹni tó tẹ ìpolówó ṣe ohun tí mo fẹ́, bíi kó pè) sí, 0 ló wà níbẹ̀. Ṣé kí n pa á tì ni?

Ẹ má tíì pa á tì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá 0 yẹn, 0 tòótọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ ra inverter nílẹ̀ yìí kì í sábà jókòó kọ fọ́ọ̀mù. WhatsApp ló máa tẹ̀, tàbí kó pe nọ́ńbà. Tó bá jẹ́ ojú ewé "ẹ ṣeun" tó ń jáde lẹ́yìn fọ́ọ̀mù nìkan lẹ ní kí Google máa kà, àwọn tó gba orí WhatsApp kọjá ò sí nínú ìṣirò. Ẹ ṣe conversion action (ohun tí ẹ ní kí Google máa kà) méjì sí i: ọ̀kan fún ẹni tó bá tẹ líǹkì wa.me, ìyẹn líǹkì WhatsApp, èkejì fún ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà fóònù. Ẹ wá ṣí ojú ewé yín pẹ̀lú Tag Assistant, irinṣẹ́ Google tó ń fi hàn bóyá ìkànnì ń kà á, ẹ tẹ bọ́tìnì náà fúnra yín, kí ẹ rí i pé ó kà á.

Ohun kan tún wà tó máa ń fara pamọ́. Google máa ń so gclid (àmì ìdánimọ̀ títẹ̀ kọ̀ọ̀kan) mọ́ àdírẹ́sì tí oníbàárà bá wọlé, òun ló fi ń mọ̀ pé ìpolówó ló mú un wá. Tí ìkànnì yín bá ń darí èèyàn láti àdírẹ́sì kan sí òmíràn, gclid lè já bọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ má tẹ ìpolówó ara yín láti dán an wò, owó yín ló máa jẹ. Ẹ kàn kọ ?gclid=idanwo sẹ́yìn àdírẹ́sì, ẹ jẹ́ kó ṣí tán, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń kà dáadáa. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni wọn ò pè.

Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ló kù ká wò nìyẹn. Ẹ ṣí Search terms, kì í ṣe Keywords. Kíwọ́ọ̀dù ni ohun tí ẹ̀yin yàn. Search terms ni ohun tí ẹni tó ń wá nǹkan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọ̀rọ̀ "inverter" kì í ṣe tiyín nìkan: ẹ̀rọ amúlétutù ní inverter tiẹ̀, fíríìjì ní tiẹ̀, àwọn wẹ́dà náà ní tiwọn. Ẹ óò rí "inverter ac 1.5hp", "inverter welding machine", "how to repair inverter", gbogbo wọn lórí owó yín.

Ohun tó ń fà á ni pé kíwọ́ọ̀dù tí kò ní àmì kankan, broad match ni Google kà á sí, á sì máa nawọ́ dé ibi tó bá wù ú. Ẹ fi àmì àyọlò yí i ká, ó di phrase match, tó ń wá ohun tó ní ìtumọ̀ kíwọ́ọ̀dù yín nínú; ẹ fi àkámọ́ onígun yí i ká, ó di exact match, tó ń wá ohun tó ní ìtumọ̀ kan náà gan-an. Ẹni tówó rẹ̀ ò pọ̀, méjì yìí ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ to negative keywords, àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ò fẹ́ kí ìpolówó yín jáde fún: welding, fridge, repair, training, job. Ẹ kọ repair, ẹ kọ repairs, ẹ tún kọ repairing, torí negative kì í bá yín ro ẹ̀ka ọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún "ac". Tí ẹ bá dá "ac" nìkan kọ síbẹ̀, ẹ ti lé ẹni tó kọ "inverter that can carry ac" lọ, ẹni yẹn gan-an sì ni olówó inú wọn. "Inverter ac", tí ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ̀ léra, ni kí ẹ fi àmì àyọlò dí.

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni mo yàn, kí ló dé tí àwọn ará Kano àti London ń tẹ̀ ẹ́?

Nínú Location options, ohun tí Google fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni "Presence or interest": ẹni tó kàn ń wá ọ̀rọ̀ nípa Ìbàdàn wọlé. Ẹ yí i sí "Presence". Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ yọ Display Network (ìpolówó lórí ìkànnì àti áàpù àwọn ẹlòmíràn) kúrò nínú kànpéènì search yín.

Ìbéèrè: Mo fi ₦5,000 sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, wọ́n ná ₦9,000.

Kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n lè ná tó ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan, àmọ́ láàárín oṣù, wọn kì í gbà ju owó ọjọ́ kan lọ́nà 30.4. Tiyín á jẹ́ ₦152,000.

Ìbéèrè: Ojú ewé mi ńkọ́?

Ẹni tó tẹ "5kVA inverter pẹ̀lú ìfiṣiṣẹ́" kò gbọdọ̀ bá ara rẹ̀ ní ojú ewé àkọ́kọ́ tó ń sọ ìtàn ilé iṣẹ́. Ojú ewé 5kVA ni kó balẹ̀ sí: iye owó, ohun tó lè gbé, iye ọjọ́ tí ẹ fi ń so ó, wáráńtì. Ẹ má fi "ẹ pè fún iye owó" rọ́pò iye owó. Ọ̀pọ̀ á ti padà sẹ́yìn. Àwòrán tí ẹ fi fóònù yà lè tó 4MB, ẹ dín in kù sí abẹ́ 200KB, kí ẹ sì fi PageSpeed Insights wò ó lápá mobile: kí LCP (àkókò tí ohun tó tóbi jù lójú ewé fi ń hàn) má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Ẹ tún wo líǹkì WhatsApp yín. Nọ́ńbà inú wa.me, 234 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, láìsí àmì ròpọ̀, láìsí òdo iwájú. Wa.me/0803 ò gbé ẹnikẹ́ni débì kankan.

Ìbéèrè: Mo yí àkọlé ìpolówó padà lọ́jọ́ Ajé, mo tún yí i lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí ẹni 40 tẹ̀ ẹ́ tẹ́nì kan ò pè.

Ẹ kánjú. Ká ní ìpolówó yẹn dára, tí ẹnì kan nínú 50 ń pè, ẹni 40 lè tẹ̀ ẹ́ kó má sí ìpè rárá ní nǹkan bí ìgbà 45 nínú 100. Tó bá tó 150, ó ti sún mọ́ ìgbà 5 nínú 100. Ìṣirò kúkúrú rẹ̀: ẹ pín iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà 3. Fún 412 yín, ẹnì kan nínú nǹkan bí 137 ló dára jù tí ẹ lè rò. Kì í ṣe orí burúkú mọ́ nìyẹn, nǹkan ṣe é lóòótọ́.

Ẹ lo Experiments, irinṣẹ́ Google Ads tó ń fi ẹ̀yà méjì wéra, ẹ pín in sí méjì dọ́gba, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́rán títí títẹ̀ 150 yẹn á fi pé. Ohun ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, bíi kíkọ iye owó síta. Àwọ̀ bọ́tìnì lè dúró.

Ìbéèrè: Èló ló yẹ kí títẹ̀ kan ná mi?

Ká ní èrè yín lórí inverter kan jẹ́ ₦60,000. Ẹnì kan nínú 25 tó tẹ̀ ẹ́ ló ń kọ̀wé sí WhatsApp, ẹnì kan nínú 10 wọn ló ń rà. Títẹ̀ 250 ló mú oníbàárà kan wá nìyẹn; ₦240 ni òpin. Tí ẹ bá ń san ₦300, inverter kọ̀ọ̀kan tí ẹ tà ń gba ₦15,000 lọ́wọ́ yín. Tí àtúnṣe ojú ewé bá sọ ẹnì kan nínú 25 di ẹnì kan nínú 15, títẹ̀ 150 péré ni, ₦300 náà á wá gba ₦45,000, ₦15,000 á ṣẹ́kù sápò yín.