Bí Mo Ṣe Fi Mọ́ọ̀tì Pilsner Nìkan Pọn Bíà Lágà

Mo pinnu láti pọn bíà lágà (ìyẹn bíà tí ó ń wú nínú òtútù) tí kò ní ọkà mìíràn nínú ju mọ́ọ̀tì Pilsner lọ, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí mọ́ọ̀tì yìí lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Ọkà báálì tí wọ́n rẹ sínú omi títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù, tí wọ́n sì wá fi ooru gbẹ kí híhù náà lè dáwọ́ dúró, ni à ń pè ní mọ́ọ̀tì. Bí ooru ìkẹyìn inú ààrò ṣe tó ni ó ń pinnu àwọ̀ àti adùn rẹ̀. Ti Pilsner kì í sábà ju 80°C sí 85°C lọ, nígbà tí ti Munich máa ń tó 100°C tàbí kí ó fi díẹ̀ lé e. Ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó pàṣẹ ohun tí mo ṣe láti orí omi títí dé orí iná.

Kì í ṣe láti ayébáyé ni irú mọ́ọ̀tì báyìí ti wà lọ́pọ̀ yanturu. Iná igi ni ọ̀pọ̀ apọntí ilẹ̀ Yúróòpù fi ń gbẹ ọkà wọn, èéfín á gba àárín ọkà kọjá, mọ́ọ̀tì á sì pọ́n tàbí kí ó dúdú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo èédú tí wọ́n ti sun tẹ́lẹ̀ kí èéfín rẹ̀ lè tán. Nígbà tí ó yá, ààrò tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gbígbóná nìkan ni ó ń kan ọkà náà dé. Ní 1833, apọntí méjì, Gabriel Sedlmayr láti Munich àti Anton Dreher láti ẹ̀gbẹ́ Vienna, rìnrìn àjò lọ sí Bìrìtìkó láti wo iṣẹ́ yìí, wọ́n sì mú ọ̀pá ìtilẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo dání, èyí tí wọ́n fi ń jí bíà bù lọ ṣe àyẹ̀wò. Bíà tí àwọn méjèèjì gbé jáde lẹ́yìn náà ṣì pọ́n díẹ̀.

Ìlú Plzeň ní Bohemia, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, ni àwọ̀ náà ti wá mọ́ tán. Bíà ibẹ̀ ti burú débi pé ní 1838 wọ́n da àgbá 36 nínú rẹ̀ nù ní gbangba. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti pọntí kọ́ ilé ìpọntí tuntun, wọ́n sì gba Josef Groll, ọmọ Bavaria, síṣẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1842, ó pọn àkọ́kọ́ bíà tí a wá mọ̀ sí Pilsner, pẹ̀lú báálì tí wọ́n gbẹ láìjẹ́ kí ó pọ́n, hops (òdòdó tí ó ń mú bíà korò) láti Žatec, àti omi ìlú náà tí kò ní èròjà ilẹ̀ púpọ̀ nínú.

Omi yìí ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mọ́ọ̀tì dúdú máa ń mú ásíìdì wá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Pilsner kò ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi líle á gbé ìwọ̀n pH (tí ó bá kéré, nǹkan kan jù) ga ju bí ó ti yẹ lọ, bíà á sì korò wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu. Mo lo omi tí wọ́n ti sẹ́ èròjà inú rẹ̀ kúrò, mo fi calcium chloride díẹ̀ sí i, mo sì pò ẹ̀kúnwọ́ mọ́ọ̀tì kíkan mọ́ 4.5 kg mọ́ọ̀tì Pilsner tí mo wọ̀n fún bíà 20 lítà. Àwọn apọntí Jámánì ni wọ́n ń lo mọ́ọ̀tì kíkan yìí jù, nítorí òfin bíà wọn kò gbà kí wọ́n da ásíìdì sínú rẹ̀ ní tààrà. pH tèmi dúró sí nǹkan bí 5.4, èyí tí mo ń fẹ́.

N kò lọ ọkà náà kúnná. Mo kàn fọ́ ọ kí inú rẹ̀ lè là, kí èèpo sì wà lódidi, nítorí èèpo ni asẹ́ tí omi ọkà máa gbà kọjá. Mo pò ó mọ́ omi gbígbóná ní 65°C, mo sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ooru ààrò tí kò pọ̀ ti dá ẹ́ńsáìmù inú mọ́ọ̀tì yìí sí, wọ́n sì ń sọ sítáàṣì di ṣúgà kíákíá. Nígbà ayé Groll, mọ́ọ̀tì kì í tíì rọ̀ tó tòde òní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu apá kan sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n á sè é, tí wọ́n á sì dà á padà. Mọ́ọ̀tì òde òní kò nílò rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ mo bu ìdá kan nínú mẹ́rin, èyí tí ó ki jù, mo sè é fún ìṣẹ́jú 15, mo dà á padà, gbogbo rẹ̀ sì gbóná dé 72°C. Ìfẹ́ inú ara mi ni mo tẹ̀ lé níbẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé ó ń fún bíà ní ara díẹ̀. Mo kán áyódínì sí ìwọ̀nba omi rẹ̀ lórí àwo funfun. Kò di dúdú, ó túmọ̀ sí pé sítáàṣì ti tán.

Sísè ni ibi tí kò gba ìkánjú. Ààrò tí kò gbóná púpọ̀ máa ń fi èròjà kan tí a ń pè ní SMM sílẹ̀ nínú ọkà, iná ìkòkò á sì sọ ọ́ di DMS, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti àgbàdo sísè. Bí omi bá ń hó, ìdajì SMM máa ń lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, nítorí náà mo sè é fún ìṣẹ́jú 90, èyí tí ó máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀. N kò dé ìkòkò náà rárá, torí pé oru omi ni DMS ń bá jáde, ìdérí á sì dá a padà sínú ìkòkò. Mo fi hops Žatec púpọ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ fún kíkorò, mo sì fi ìyókù sí i nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n pa iná, fún òórùn. Lẹ́yìn iná, mo mú un tutù kíákíá, nítorí níwọ̀n ìgbà tí omi ọkà bá ṣì gbóná, SMM tó kù ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì sí híhó tí yóò lé òórùn náà jáde mọ́.

Ìwúkàrà lágà, Saccharomyces pastorianus, fẹ́ràn òtútù. Emil Christian Hansen ni ó kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ní mímọ́ gaara, ní ilé ìwádìí Carlsberg ní 1883. Mo dà á sí i ní 10°C, mo sì lo ìlọ́po méjì iye tí ǹ bá lò fún bíà tí ó ń wú nínú ooru. Nígbà tí wíwú náà ń parí lọ, mo jẹ́ kí ó móoru dé 15°C kí ìwúkàrà lè jẹ èròjà tí ń fúnni ní ìtọ́wò bọ́tà, lẹ́yìn náà ni mo gbé e sínú fíríìjì ní nǹkan bí 1°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ó jáde ní àwọ̀ koríko gbígbẹ, ó mọ́ gaara, kò sì sí òórùn àgbàdo kankan nínú rẹ̀. Adùn búrẹ́dì tuntun ni ó kọ́kọ́ wá sẹ́nu, oyin díẹ̀ tẹ̀ lé e, hops sì gbẹ̀yìn. Hops náà pọ̀ díẹ̀ fún mi. Bí mo bá tún pọn ọ́n, ti ìbẹ̀rẹ̀ ni màá dín kù, n kò ní fọwọ́ kan mọ́ọ̀tì náà.