Bí A Ṣe Ń Di Antioxidant Ewé Tíì Sínú Ìlẹ̀kẹ̀ Jẹ́ẹ̀lì Tó Ṣeé Jẹ

Antioxidant inú ewé, ìyẹn èròjà tó ń dín ìbàjẹ́ tí oxygen ń fà kù, kì í pẹ́ bàjẹ́ bí ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá ń kàn án. Jẹ́ẹ̀lì sodium alginate, tí wọ́n ń yọ láti ara ewéko òkun, lè bò ó. Iṣẹ́ ọ̀hún kò le. Jíjò antioxidant kúrò nínú jẹ́ẹ̀lì ló ń bà á jẹ́.

Ẹ gbé 500 ml omi distilled (omi tí wọ́n sè di oru, tí wọ́n sì sọ oru náà di omi padà) kaná títí yóò fi dé 80°C, ẹ má jẹ́ kó hó. Ẹ rẹ gíráàmù 10 ewé green tea sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù. Omi ẹ̀rọ sábà máa ń ní kálísíọ̀mù, ìyẹn ló sì ń sọ alginate di kókó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bu 200 ml tíì náà sínú bùlẹ́ńdà. Bó ṣe ń yí, ẹ máa wọ́n gíráàmù 4 alginate sí i díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìta rẹ̀ á rin, inú á gbẹ. Ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú kí ìfófòó rẹ̀ lè lọ.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé. Ẹ po gíráàmù 5 calcium lactate, iyọ̀ tí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ ń mú alginate dì, mọ́ 250 ml nínú tíì tó ṣẹ́kù, kì í ṣe mọ́ omi lásán. Ihò ara jẹ́ẹ̀lì fẹ̀ ju antioxidant lọ. Bí omi lásán bá yí ìlẹ̀kẹ̀ ká, èròjà inú rẹ̀ á máa ṣàn jáde síbi tí kò ti sí. Bí tíì bá wà nínú tó wà lóde, kò ní jò tó bẹ́ẹ̀. Calcium chloride náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó korò lẹ́nu.

Ẹ fa alginate sínú síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́, kí ẹ máa kán an sínú tíì tó ní calcium lactate náà láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sókè. Bó bá sún mọ́ omi jù, ìlẹ̀kẹ̀ á nírù. Bó bá ga jù, á pẹlẹbẹ. Ẹ rọra máa ro ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ kó o, ẹ ṣàn án wéré. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe ń tètè jò.

Bó bá jẹ́ omi èso kíkan lẹ fẹ́ lò dípò tíì, ẹ wọn pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó). Tí kò bá tó 4, alginate á dì fúnra rẹ̀. Baking soda ṣínńṣín lè gbé e dé 5. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 7, antioxidant púpọ̀ kì í fara da ìyẹn. Bó bá jẹ́ sodium citrate, iyọ̀ mìíràn tó ń dín kíkan kù, lẹ fẹ́ lò, ẹ má lò ó púpọ̀, torí ó ń gba kálísíọ̀mù mọ́ jẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́.

Ẹ kó ìlẹ̀kẹ̀ sínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, kí tíì díẹ̀ bò ó, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta.