qsort ò mọ ohun tó ń tò, ìwọ ni kó o sọ fún un

Ní èdè C tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, qsort, function tó ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, tó wà nínú stdlib.h, mọ ibi tí array rẹ (ìtò àwọn nǹkan irú kan náà) ti bẹ̀rẹ̀, ó mọ iye nǹkan tó wà níbẹ̀, ó sì mọ iye báìtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Èwo ló yẹ kó ṣíwájú èwo? Ìyẹn ò yé e, àfi kó o fún un ní function tí yóò máa bi léèrè. Orúkọ function náà lásán, láìsí àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ni pointer (adírẹ́sì rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà) tí ò ń fi lé e lọ́wọ́. Níbí, iye ni array, n ni iye nǹkan inú rẹ̀, fi_we sì ni function náà:

qsort(iye, n, sizeof iye[0], fi_we);

Nǹkan méjì ni qsort ń fún fi_we lẹ́ẹ̀kan. Bí àkọ́kọ́ bá gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí fi_we dá nọ́ńbà tó kéré sí òdo padà. Bí wọ́n bá dọ́gba, òdo. Bí ìkejì ló yẹ kó ṣíwájú, èyí tó ju òdo lọ.

Ibí ni mo ti jìyà. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ return x - y nínú fi_we, x ni nọ́ńbà àkọ́kọ́, y ni ìkejì. Torí ó kúrú, ó sì ń ṣiṣẹ́, àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo rí 2000000000 tó jókòó ṣáájú -2000000000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 4000000000, bẹ́ẹ̀ int oníbíìtì 32 ò gbà ju 2147483647 lọ. Ó kún àkúnwọ́sílẹ̀, -294967296 ló jáde lórí kọ̀ǹpútà mi, qsort sì gba irọ́ náà gbọ́. Èdè C fúnra rẹ̀ ò tiẹ̀ ṣèlérí ohun tó máa jáde nírú ipò bẹ́ẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ látìgbà náà:

int fi_we(const void *a, const void *b)
{
    int x = *(const int *)a;
    int y = *(const int *)b;
    return (x > y) - (x < y);
}

Èsì ò lè kọjá -1, 0 tàbí 1. Tó o bá fẹ́ kí ńlá ṣíwájú kékeré, pààrọ̀ àyè x àti y.

Array ti char *, ìyẹn pointer sí ọ̀rọ̀, ńkọ́? Fara balẹ̀ síbí. Adírẹ́sì àyè inú array ni qsort ń gbé wá, ohun tó sì wà ní àyè náà tún jẹ́ pointer. Kọ́kọ́ fi * tú pointer ti òkè, kó o lè rí èyí tó wà nínú rẹ̀, kó o tó pe strcmp, function tó ń fi ọ̀rọ̀ méjì wéra:

return strcmp(*(char *const *)a, *(char *const *)b);

Tó o bá kọ strcmp(a, b) níbẹ̀, compiler (ètò tó ń tú kóòdù rẹ sí èdè ẹ̀rọ) ò ní bá ọ wí, torí void *, pointer tí kò sọ irú ohun tó ń tọ́ka sí, máa ń di char * wọ́ọ́rọ́wọ́. Àtòpọ̀ rẹ á kàn dàrú ni.

Má sì retí pé àwọn tó dọ́gba máa dúró bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀. Qsort ò ṣèlérí ìyẹn. Bó bá ṣe pàtàkì sí ọ, kó nǹkan kọ̀ọ̀kan sínú struct (àpò tó ń kó oríṣiríṣi dátà pọ̀), fi nọ́ńbà àyè àtilẹ̀wá sínú rẹ̀ kó o tó pe qsort, kó o sì fi ìyẹn dájọ́ nígbà tí ìyókù bá dọ́gba.