Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà wọn fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì

Oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni Yunifásítì California ní Berkeley gbé SETI@home jáde, iṣẹ́ tó ń wá àmì ẹ̀dá onílàákàyè láti òde ayé, tí ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà fi lè yọ̀ǹda agbára rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ilé. SETI@home ti dáwọ́ iṣẹ́ pínpín dúró láti oṣù Kẹta ọdún 2020, ṣùgbọ́n BOINC, ètò kọ̀ǹpútà tó ti ara rẹ̀ jáde, tó ń gba iṣẹ́ wọlé tó sì ń fi èsì ránṣẹ́, ò sinmi. Einstein@Home ń fi í wá ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pulsar, Climateprediction.net sì ń fi í ṣírò bí ojú ọjọ́ ayé ṣe máa rí.

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ nípa irú ìyọ̀ǹda yìí ló ti gbà pé íntánẹ́ẹ̀tì wà nílé yín tọ̀sán tòru. Ẹni tó ń gbé ìgbèríko, tó ń ra dátà ní ìwọ̀nba, kó yáa má tẹ̀ lé wọn wẹ́rẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣirò gan-an ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìgbà tí iṣẹ́ bá ń wọlé àti ìgbà tí èsì bá ń jáde nìkan ló nílò rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà méjèèjì yìí ni wàhálà ti ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn kì í sábà pàdánù nítorí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò lágbára.

Ẹ má fi òkìkí yan iṣẹ́

Òkìkí CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní ilẹ̀ Yúróòpù, ló ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn wọ LHC@home. Àmọ́ àwọn iṣẹ́ kan níbẹ̀, pàápàá CMS, inú VirtualBox ni wọ́n ti ń ṣe é. Fáìlì ńlá tó ń ṣe bí odidi kọ̀ǹpútà mìíràn ló máa kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ yín, yóò sì tún máa fa dátà láti CERN ní gbogbo àkókò tó bá fi ń ṣiṣẹ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, iṣẹ́ náà lè bàjẹ́, dátà tó ti jẹ sì ti gbé nìyẹn.

Folding@home, tó ń ṣírò bí purotéènì ṣe ń ká, ò wúwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kó iṣẹ́ pamọ́ de ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní sí. Bó bá parí ọ̀kan, á fi ránṣẹ́, á gba òmíràn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí lákòókò yẹn, ńṣe ni ẹ̀rọ á jókòó lásán. Ẹni tó bá tètè dá èsì padà ni wọ́n sì ń fún ní máàkì tó pọ̀ jù. Iṣẹ́ gidi ni, kò kàn bá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège mu.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ lọ gba iṣẹ́ GIMPS, tó ti ń wá àwọn nọ́ńbà Mersenne (2 tí a sọ di ìlọ́po lemọ́lemọ́, kí a yọ 1 kúrò) tí nọ́ńbà kankan ò lè pín dọ́gba, àfi 1 àti ara wọn, láti ọdún 1996, pé kì í jẹ dátà. Òótọ́ ni nígbà kan. Láti ọdún 2020, bí Prime95, ètò tí GIMPS ń lò, bá parí àyẹ̀wò PRP kan (èyí tó ń wò bóyá nọ́ńbà kan jẹ́ irú tí wọ́n ń wá), ó máa ń fi fáìlì ẹ̀rí ránṣẹ́ tẹ̀ lé èsì, fáìlì yẹn sì lè ju 100 MB lọ fún àwọn nọ́ńbà ńláńlá tí wọ́n ń yẹ̀ wò báyìí. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà, ó lè gba odidi òru. Ẹ lè dín ìwọ̀n tó fi ń lọ kù, kí ẹ sì yan wákàtí tó máa lọ, nínú Prime95 fúnra rẹ̀. Ẹni tí èyí bá sì pọ̀ jù fún, iṣẹ́ P-1, tó ń wá nọ́ńbà tó lè pín wọn, ni kó béèrè. Ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni èsì tiẹ̀.

Kí ẹ má bàa méfò, ẹ wọn iṣẹ́ kí ẹ tó gbà á. Nínú BOINC, ẹ darapọ̀ mọ́ ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ méjì péré wọlé, kí ẹ sì tẹ «No new tasks». Ẹ lọ sí «Transfers» kí ẹ wo bí fáìlì ṣe tóbi tó ní àwọlé àti àjáde. Ẹ má ka ti àkọ́kọ́ sí, torí pé fáìlì ètò tó ń ṣe ìṣirò náà wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni ìyẹn sì ń wọlé títí wọn yóò fi ṣe tuntun. Ti ìkejì ni kí ẹ fi pín wákàtí tó gbà. Iṣẹ́ tó fi 5 MB ṣe wákàtí mẹ́wàá sàn fún yín ju èyí tó fi 50 MB ṣe wákàtí kan, ẹ má wo bí orúkọ rẹ̀ ṣe dún tó.

Àkójù ló burú jù

Àṣìṣe yìí ni mo rò pé ó ń ba nǹkan jẹ́ jù, ẹni tó ń ṣe é sì máa ń rò pé ọgbọ́n lòun ń dá. Ẹ̀rù ń bà á pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ló bá wọ «Computing preferences», ó kọ 10 sí iwájú «Store at least», ó ní kí BOINC kó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní core (apá tó ń ṣe ìṣirò) mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà náà ní, tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba wákàtí mẹ́fà. Bó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, 16 ló máa parí lójúmọ́. Ti ọjọ́ mẹ́wàá jẹ́ 160. Bí gbèdéke iṣẹ́ náà bá jẹ́ ọjọ́ méje, 112 ló máa parí kí gbèdéke tó pé, 48 á ti pẹ́ jù. Ìyẹn tí iná ò bá lọ o. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́jọ péré ni kọ̀ǹpútà ń wà ní títàn lójúmọ́, kò ní parí ju nǹkan bí 37 lọ láàárín ọjọ́ méje. BOINC máa ń kọ́ ìṣesí ẹ̀rọ bó bá pẹ́ lórí rẹ̀, á sì dín ohun tó ń béèrè kù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí ẹ̀rọ ni, kò tíì mọ nǹkan kan nípa yín.

Iṣẹ́ tí gbèdéke bá ti kọjá lórí rẹ̀, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àwọn tó ń pín iṣẹ́, á gbé e fún ẹlòmíràn. Níbi tí wọ́n ti ń fi èsì ẹni méjì wéra kí wọ́n tó gbà á, ẹnì kejì yín ti parí tiẹ̀ tipẹ́, ó ń dúró. Télọ̀ tó gba aṣọ kọjá agbára rẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ jọ: aṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò rán an, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a rán an.

Iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà kan tí ẹ máa rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ìgbà kejì ni kí ẹ kọ sí «Store at least», kí ìlà tó tẹ̀ lé e má ju 0.5 lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni, ẹ kọ 3. Kí ẹ wá wo gbèdéke. Iṣẹ́ tó bá parí ní kété tí ẹ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹfà ló máa tó ráyè lọ. Nítorí náà, bí gbèdéke kò bá ju ìlọ́po méjì ọjọ́ yín lọ, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé ìgboro.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti kó o jù ńkọ́? Àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, tí ẹ mọ̀ pé kò ní bá gbèdéke, ẹ tẹ «Abort» lé wọn lórí, kí ẹ sì jẹ́ kí sáfà gbọ́. Ojú máa ń ti èèyàn láti ṣe é, bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́ ló ń dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá dá a padà lónìí, ẹlòmíràn lè gbà á lónìí náà.

Èsì lọ, ìròyìn ò lọ

Ẹ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fáìlì èsì lọ tán, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ gbà pé ó parí. Kò tíì parí. Ẹ wo «Tasks»: bí ẹ bá rí «Ready to report» níbẹ̀, fáìlì ti dé, àmọ́ BOINC kò tíì sọ fún sáfà pé iṣẹ́ náà ti tán, torí pé ó máa ń kó ìròyìn jọ kó tó lọ jẹ́ ẹ. Gbèdéke ṣì ń ká yín mọ́. Ẹ wọ «Projects», ẹ mú iṣẹ́ náà, ẹ tẹ «Update», kí ẹ dúró títí ìlà yẹn yóò fi kúrò kí ẹ tó pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ má fọwọ́ kan «Reset project» nítorí fáìlì tó há

Fáìlì dúró ní ìdajì, kò lọ kò bọ̀. Ẹni tí inú ń bí á tẹ «Reset project». Gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀rọ, títí kan èyí tó ti parí tí kò tíì lọ, á dànù. Fáìlì ètò tí ẹ fi dátà gbà lẹ́ẹ̀kan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí fáìlì bá kùnà láti lọ, BOINC máa ń fà sẹ́yìn, á sì máa fi kún àkókò tó ń dúró kó tó gbìyànjú padà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dé, «Retry pending transfers» lábẹ́ «Tools» ni kí ẹ tẹ̀. Ibi tó dé ló ti máa ń tẹ̀ síwájú. Bí èsì tó há bá sì ti pọ̀ jù, kò ní béèrè iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ni èsì náà. Ẹ má bá a jà, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Wi-Fi fóònù kì í ṣe Wi-Fi ọ̀fẹ́

Bí ẹ bá so kọ̀ǹpútà mọ́ hotspot fóònù, BOINC ò ní béèrè ẹni tó ra dátà. Ẹ fi ààlà sí i lábẹ́ «Network»: «Limit usage to», ẹ kọ iye MB àti iye ọjọ́. Bí ẹ bá ní dátà òru tó dínwó, «Daily schedules» ni kí ẹ ti yan wákàtí tí fáìlì lè lọ.

Kọ̀ǹpútà tó ju ẹyọ kan lọ ńkọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló máa gba fáìlì ètò tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ mẹ́rin tí ẹ kó sídìí iṣẹ́ mẹ́ta, ìgbà méjìlá nìyẹn. Ẹyọ kan tó lágbára lórí iṣẹ́ kan tó fi bẹ́ẹ̀ ò jẹ dátà ni èmi á yàn.

Àwọn kan a máa da fódà BOINC kọ sórí fláàṣì, kí wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára fi èsì ránṣẹ́. Sáfà ń ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti kàn sí i. Bí ẹ̀dà ti àná bá wá kàn sí i lẹ́yìn ti òní, á kà á sí ẹ̀rọ tuntun, iṣẹ́ tó wà lórí méjèèjì á sì dojú rú. Bó bá jẹ́ laptop ni, laptop náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ.